Derlis Ló Gba Máàkì Tó Ga Jù

Isla Guavirá,
Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gúúsù ń jà.

Zunilda ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo sì tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o ń jẹun kánú, ṣé òtútù ò mú ọ jù nínú yàrá tí o sọ pé oòrùn kì í dé yẹn? Kí Wúńdíá Caacupé fi aṣọ búlúù rẹ̀ bò ọ́ lórí, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú ire wò ọ́, kí àwọn olè inú bọ́ọ̀sì rí ẹlòmíràn, kí wọ́n má rí ọ. Àmín. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ń húkọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mu ọtí ewé rúdà ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ó mu tiẹ̀, ó mu tèmi, ó tún mu ti àbúrò rẹ torí pé ọmọ yẹn ní òun ò fẹ́, ó ní kí oṣù burúkú má baà rí ẹnikẹ́ni gbé nínú ilé wa, nígbà tó fi máa mu ún tán a ò mọ̀ bóyá ikọ́ ló ń hú ni àbí orin ló ń kọ. Àwọn màlúù ti gbẹ bí wọ́n ṣe máa ń gbẹ lóṣù yìí, ẹ̀gẹ́ ṣe dáadáa, òrùlé ilé ìdáná ń jò ní ibi kan náà.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún wa. Ọmọ mi, fóònù náà dára, mo ran aṣọ fún un, ẹ̀gbẹ́ ère Wúńdíá ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, bí mo bá sì di bọ́tìnì yẹn mú tí mo ń sọ̀rọ̀, ìka mi á yọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ á lọ, ìdajì á kù sínú rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ìdajì yẹn ń wọ̀ sí. Ṣé o rántí ìgbà tí mo ní bàbá rẹ já bọ́ lórí ẹṣin ṣùgbọ́n kò fara pa, tó jẹ́ pé bàbá rẹ já bọ́ lórí ẹṣin nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ, tí o sunkún wọ bọ́ọ̀sì dé ilé tí o sì bá a níbi tó ti ń jó? Nítorí náà ni mo fi mú bírò. Ìwé kì í já lẹ́nu èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ ní ọ́fíìsì yín, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa láti fi mọ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì Marlene ti ilé ìwòsàn kékeré wa fi ìwé náà hàn mí, tí mo rí orúkọ rẹ nísàlẹ̀ pátápátá, Zunilda Brítez, pé ìwọ wà lára àwọn tó yí i láti èdè Sípéènì sí Guaraní tiwa, mo fi ẹnu ko ìwé náà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n rọra, ìwé ìjọba ni. Mo ní ọmọ mi ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ti sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé àwọn èèyàn kan ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò pílọ́ọ̀tì. O sì mọ̀ pé a ò rí pílọ́ọ̀tì rí lábúlé yìí, àfi èyí tó máa ń wọ́n oògùn láti òkè sórí oko sóyà àwọn olówó. Gbogbo ọmọdé bá tú jáde sí pápá, wọ́n ń wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi ń dùn wọ́n, bàbá rẹ so màlúù mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà sá lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ funfun kan gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa yọ sí wa, eruku bò ó bí ìyẹ̀fun, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò sọ̀ kalẹ̀, ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ni Dókítà Ibarrola. Bàbá rẹ bi í pé ibo ló gbé ọkọ̀ òfuurufú sí. Ó ní òun ò gbé ọkọ̀ òfuurufú wá o, pé bí wọ́n bá ní pílọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dán ìbéèrè náà wò lára àwọn ọmọ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún àwọn yòókù, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bù ú fún àlejò. Bàbá rẹ ní ó yé òun. Ṣùgbọ́n kò tú màlúù sílẹ̀ títí ọkọ̀ funfun yẹn fi lọ.

Kí wọ́n tó bi ọmọ ní ohunkóhun, wọ́n ní àwa òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì kà á fún wa sókè, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tó ní bó bá wù wá, a lè yọ nígbàkígbà, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí wa. Bàbá rẹ na ọwọ́ sókè, ó ní èló ni èèyàn lè yọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé báńkì ìlú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ni àbí wọ́n á máa gbé e wá sílé. Gbogbo àwọn òbí tó kù tẹ́tí sílẹ̀ torí pé ohun tí àwọn náà fẹ́ bèèrè gan-an nìyẹn. Dókítà ní ọmọ ni a lè yọ, kì í ṣe owó. Ni Ña Eduvigis aládùúgbò wa bá fò dìde, ó ní níbo lẹ ti fẹ́ yọ ọmọ òun, ọmọ òun kò sí nínú kànga. Ó pẹ́ kó tó jókòó. Wọ́n tún ní ìdáhùn àwọn ọmọ máa jẹ́ àṣírí, àwa òbí pàápàá ò ní gbọ́, àfi bó bá jẹ́ pé ewu wà níbẹ̀. Mo ní ṣé Fàdá náà ò ní gbọ́. Wọ́n ní Fàdá náà ò ní gbọ́. Mo ní háà, èyí le ju ìjẹ́wọ́ lọ. A fọwọ́ sí i.

Zunilda, Guaraní tí ẹ kọ́kọ́ kọ yẹn dára púpọ̀. Ó ń dún bí ìwé mímọ́. A ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó dùn létí, èmi ni mo sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ga tó báyìí, ẹ mọ̀ pé ọmọ mi kàwé. Ìbéèrè kan ní ṣé ọmọ ti ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣubú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Milciades ọmọ Ña Eduvigis ní bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́, torí ẹṣin tuntun tí bàbá rẹ̀ rà kò tíì gbọ́ràn. Òmíràn ní ṣé agbára rẹ ti dínkù. O sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ lò níbẹ̀, òun náà ni a fi ń pe iná ìjọba, gbogbo kíláàsì bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kódà kò sí rárá láti ọjọ́ tí ìjì ti wó òpó, olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì bẹ Dókítà pé bó bá padà dé ìlú kó bá àwọn rí àwọn oníná. Nígbà tí wọ́n wá dé ibi tí ọmọ á ti yàn bóyá nǹkan náà kò ṣe é rárá, tàbí ó ṣe é lọ́jọ́ díẹ̀, tàbí ó ju ìdajì ọjọ́ lọ, ìdajì ni gbogbo wọn mú. Ta ni kì í dá ọjọ́ rẹ̀ sí méjì? À ń ṣiṣẹ́ títí oòrùn á fi dé àtàrí, lẹ́yìn náà a sùn.

Dókítà ka ìdáhùn wọn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé yìí ṣe wí, gbogbo ọmọ Isla Guavirá ló ń ṣàìsàn, àfi ẹyọ kan. Kò dárúkọ ẹyọ náà, ṣùgbọ́n Derlis àbúrò rẹ sọ fún mi nílé pé rárá ni òun mú nínú gbogbo rẹ̀. Kò ṣubú, ọ̀rọ̀ iná kò kàn án, kò sí ìdajì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúpẹ́ pé nínú gbogbo abúlé, ọmọ tèmi nìkan ni ara rẹ̀ le.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ bí àbúrò rẹ ṣe wà lóòótọ́, torí bí o bá bi mí lórí fóònù, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ó wà dáadáa, ó kàn dákẹ́ ni. Láti ìgbà tí àwọn ará ilé Osmar ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ta ilẹ̀ fún àwọn onísóyà tí wọ́n kó lọ, tí ilé tó tẹ̀lé e náà kó lọ, tí èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn kó lọ, sóyà ló wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà tí Derlis ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tó ń dúró dè é lẹ́nu géètì kankan mọ́. Àwọn ọmọ tó kù ò tó pín sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì, ajá Ña Eduvigis ni wọ́n ń fi ṣọ́ gólì, kò sì burú, ó ń mú bọ́ọ̀lù. Derlis kọ́kọ́ ń lọ wò wọ́n, nígbà tó yá kò lọ mọ́. Ó ń sùn bí ẹni tó ti oko ìrèké dé, tàbí kó jókòó sẹ́yìn ilé kó máa wo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà. Mo ní aràn ni. Mo po ewé aràn mọ́ mate, omi ewé gbígbóná àárọ̀, fún un, mo po ewé ẹ̀dọ̀, mo po ewé ẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò ní aràn, ìdàgbà ló ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń yangàn ni ìwà ọmọlúàbí tó ní. Bí a bá jókòó yí tereré ká, tí ìwo màlúù tí gbogbo wa fi ń mu omi ewé tútù náà bá kàn án, lẹ́ẹ̀kan péré ló máa mu, á dá ìwo padà, á ní ẹ ṣé. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ wo ọmọ mi, kì í ṣe wọ̀bìà, ọpẹ́ ni ṣáá lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà kò bínú sí àwọn ọmọ. Ó ní ìbéèrè ló ṣi ọ̀nà, kì í ṣe ọmọ. Ó ní òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ó gba inú èdè Sípéènì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ibi tó sì gbà ló ti ń ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí wọ́n gbé tereré sí àárín, kí wọ́n sọ fún òun, lédè tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà, bí wọ́n ṣe máa ń mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ọ̀rẹ́ wọn nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n gba àwa ìyá láyè láti jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ó le, ọmọ mi. Ña Eduvigis fi ìborùn di ara rẹ̀ lẹ́nu.

Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Milciades ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun máa ń mọ̀ bí ẹni náà bá ní ndavy'ái. O mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ bí ibi tó wà kò bá gbà á mọ́, tí ara wà níbẹ̀ tí ọkàn ò sí níbẹ̀. Dókítà ní ṣé ìbànújẹ́ nìyẹn. Gbogbo wọn pariwo pé rárá o. Wọ́n ní ẹni tí adìẹ rẹ̀ kú ló ń banújẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ndavy'ái, gbogbo adìẹ rẹ̀ lè wà láàyè kí wọ́n máa jẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rocío, tí kì í sọ̀rọ̀, wá ní nídìí tereré ni òun ti máa ń mọ̀. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí láàárín wa á tètè sọ pé ẹ ṣé, torí bó bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, a ò ní bu omi sí ìwo fún un mọ́, á sì ráyè dìde lọ jókòó lóun nìkan. Wọ́n ní òótọ́ ni, òótọ́ ni. Zunilda, mo wo ọ̀dọ̀ Derlis. Ìwo ti kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti dá a padà, ó ti ní ẹ ṣé. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo rò pé wọ́n ń yin ìwà ọmọ mi. Lẹ́yìn náà mo fa aṣọ mọ́ra, mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá bá yín ní Asunción, ẹ tún un kọ. Ìgbà tí wọ́n padà wá, Nọ́ọ̀sì Marlene ka ìbéèrè kìíní, mo sì pariwo pé ẹ gbọ́ Zunilda mi, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn kó tó lọ sí ìlú. Ẹ ti pa ọ̀rọ̀ ṣíṣubú rẹ́, ẹ ti pa ti iná rẹ́, ẹ fi ndavy'ái sí i, ẹ fi ti Rocío sí i. Dípò ìdajì ọjọ́, ìwo tereré mẹ́rin lẹ yà síbẹ̀, ọ̀kan ṣófo, ọ̀kan ní omi díẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀kan kọjá àárín, ọ̀kan kún dẹ́nu, ọmọ á fi ìka tẹ èyí tó bá tiẹ̀ mu lórí pátákó dídán kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Mo bi Nọ́ọ̀sì bóyá ẹni tó wà nínú pátákó yẹn máa ń mọ ọmọ tó bá ń purọ́. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo ní ta ló wá ń tanná.

Lọ́jọ́ yẹn mo ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé ilé ẹ̀kọ́. N kò yọjú o, mo kàn ń kọjá díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí Dókítà ń sọ fún Nọ́ọ̀sì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ Brítez ni nọ́ńbà tiẹ̀ ga jù nínú gbogbo wọn. Yéè! N kò dúró gbọ́ ìyókù. Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bàbá rẹ ṣe ipò kìíní nínú ohunkóhun? Mo sáré délé bí ọmọge, mo mú adìẹ aláwọ̀ eérú, mo pa á, mo po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ wàràkàṣì, mo yan sopa. Bàbá rẹ wá báńgà tó ṣẹ́kù láti Kérésì, ó yìn ín nínú àgbàlá, àwọn màlúù tó so mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tí wọ́n fi ń sá. Ña Eduvigis gbọ́ ìró náà, ó sáré wá, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Derlis ló gba máàkì tó ga jù. Mo bi í pé èló ni Milciades gbà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ní Milciades sọ fún òun pé ìwo òfo lòun ń tẹ̀ ṣáá. Mo dì í mọ́ra, ọmọ mi. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni Ọlọ́run fún ní ọpọlọ kan náà, kí Milciades máa wá ní ìrọ̀lẹ́ kí Derlis máa kọ́ ọ, á ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó nu ojú, ó lọ sílé lọ jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀.

Adìẹ ti jinná, a ti jókòó, ni Nọ́ọ̀sì àti Dókítà pàtẹ́wọ́ lẹ́nu géètì pé àwọn dé. Mo ní ẹ̀bùn ni wọ́n gbé wá. Mo fún Dókítà ní àga tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo ti gbé itan adìẹ síwájú Derlis. Bàbá rẹ dìde, ó bọ́ fìlà, ó ń sọ̀rọ̀ bí gómìnà, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yìí ni òun ti wo orí rẹ̀ tí òun ti mọ̀. Derlis ń wo itan adìẹ yẹn. Kò fọwọ́ kàn án. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀, kò sí ìró kankan, ó kàn ń ṣàn, ó ń kán sínú àwo. Ó wá ní màmá, kì í ṣe irú máàkì yẹn.

Nọ́ọ̀sì Marlene fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní nínú ìwé yìí, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni ẹni tí ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ̀ wúwo jù. Ó ní ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń ru ú, òun nìkan. Ó ní ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó ń bèèrè bóyá ọmọ máa ń rò ó pé ì bá sàn kí òun má jí lọ́la, Derlis sì tẹ ìwo tó ní omi díẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní omi náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo, ìdí nìyẹn tí àwọn ò fi lè sùn kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn sì ti bá Derlis sọ ọ́ ṣáájú, ó gbà pé kí àwọn wá.

Zunilda, n kò mọ bí n ó ṣe kọ bí ilé ṣe rí. Èéfín báńgà ṣì wà nínú àgbàlá. Bàbá rẹ dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ibi tí yóò gbé e sí. Ó wá lọ jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Derlis, ó gbé orí lé orúnkún ọmọ náà. Ọkùnrin tí àrá pa màlúù rẹ̀ tí kò sunkún. Ó ní kí lo fẹ́ kí n ṣe, ọmọ mi, sọ fún mi, bó bá jẹ́ ká ta ilẹ̀ ká tẹ̀lé àwọn Osmar, n ó tà á. Derlis fi ọwọ́ nu imú, ó ní ẹ má ta nǹkan kan, ẹ ṣáà sọ fún màmá kó má fún mi ní ewé aràn mọ́. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àti Dókítà, a ń rẹ́rìn-ín a ń sunkún, a ò mọ èyí tí à ń ṣe. Mo di ọmọ náà mú. Ó ti ga jù mí lọ, mi ò tètè rí i.

Láti ìgbà náà, Nọ́ọ̀sì Marlene ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun àti àwọn ọmọ mélòó kan láti abúlé kejì, n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, n kò sì bèèrè, bó ti ń yún mi lẹ́nu tó. Dókítà náà máa ń pè é lórí fóònù. Derlis á gbé e lọ sẹ́yìn ilé, èmi á sì máa kọrin ìsìn kíkankíkan nínú ilé ìdáná kí n má baà gbọ́, ó ní kí n rọra kọ ọ́ torí Dókítà ń gbọ́ mi. Wọ́n ní kí a tọ́jú gbogbo nǹkan tó bá léwu nínú ilé, bàbá rẹ kó wọn tì mọ́ inú àpótí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn bíi bíṣọ́ọ̀bù. Ó ń mú Derlis lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń lọ wo màlúù, kì í sọ nǹkan kan, Derlis náà kì í sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì á jọ dákẹ́ lọ, wọ́n á jọ dákẹ́ bọ̀. Dókítà ní ìyẹn náà dára.

Ña Eduvigis padà wá nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Mo ti múra pé ó máa fi mí ṣẹ̀sín, ó sì tọ́ sí i. Chipa gbígbóná, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, ló gbé dání. Ó jókòó, ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá kí òun máa yọ̀ pé ọmọ òun ló ṣe ìkẹyìn, òun sì ti jágbe mọ́ ọn lásán. Láti ọjọ́ kejì ni Milciades ti ń dúró lẹ́nu géètì wa bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á máa pariwo pé Derlis, jáde, ajá yẹn ti sú wa. Ọjọ́ mìíràn Derlis á jáde, ọjọ́ mìíràn kò ní jáde. Bí kò bá jáde, Milciades á jókòó sórí òkúta níta, á máa ju òkò sí sóyà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Àárọ̀ ṣì máa ń wà tí kò fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé, mo ní àlejò wo ló dé, mo yọjú, àbúrò rẹ ni.

Ọmọ mi, mo dúpẹ́. Mo kí Dókítà, mo kí Rocío, mo sì kí ìwọ jù. Bí ẹ bá rí ìwé àkọ́kọ́ yẹn tí ẹ sì ní ó ti tó, ó ti dára, Derlis ì bá ṣì jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ le ní Isla Guavirá. Nígbà tí o wà lórí tábìlì ní ìlú tí o ń pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ tí o ń fi òmíràn sí i, o ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ lo ń kàn. Ìgbàkígbà tí mo bá rò ó, mo máa ń jókòó.

Mo sì fẹ́ bi ìwọ náà. Nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè yẹn wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà, èmi ò gba ìyẹn gbọ́, ọmọ mi ni ọ́. O ti pẹ́ ní Asunción. Ṣé ibẹ̀ gbà ọ́? Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń pè ọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́? Má fi nọ́ńbà dá mi lóhùn o. Má sì sọ fún mi pé o wà dáadáa, torí bí èmi náà ṣe ń dá ọ lóhùn nípa Derlis nìyẹn. Sọ ọ́ gún régé fún mi, bó gùn, kó gùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe ti òrùlé, jẹ́ kó máa jò. Lánàá, mo wà nídìí ààrò, Derlis wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní màmá, nǹkan kan wù mí. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ọbẹ̀. Láti ìgbà òjò, nǹkan kan ò wu ọmọ yẹn, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. N kò yíjú padà kí n má baà dẹ́rù bà á, mo rọra ní kí ni. Ó ní òun fẹ́ pa irun òun láró, kó di yẹ́lò, bíi ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Yẹ́lò, Zunilda! Bàbá rẹ ní òun ò ní bá onírun yẹ́lò jókòó jẹun láéláé, mo ní kó gbé àwo rẹ̀ lọ bá àwọn màlúù. Ẹni tó ń ṣe é wà ní ìlú, n kò mọ iye tó ń gbà, fi èyí tó bá tó ránṣẹ́ kíákíá kó má baà yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù o, fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, torí èyí tí o ní o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Bí wọ́n bá sì ní yẹ́lò ti tán, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé ló kù, kí wọ́n fi aláwọ̀ ewé kùn ún, kó ṣáà jẹ́ pé òun ló wù ú.

Pa ọwọ́ rẹ méjèèjì pọ̀ báyìí, ibi yòówù kí o wà, kí n súre fún ọ. Kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Kí àwọn tí ẹ jọ ń jẹun máa wá ọ bí o kò bá tètè dé. Kí ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé má rọ láé, kí ọmọ ọlọ́mọ tí o kò mọ̀ rí máa torí rẹ jí láàárọ̀ kí ó sì fẹ́ nǹkan. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn sí ọ,
Fulgencia.